Ohun Tí A Pamọ́ Tí A Kò Lè Rí: Ìtàn Agbo Ìròyìn, Atọ́ka Orí Ayélujára àti Orúkọ Àwọn Ìlú Gúúsù Èkìtì

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n àrọ́bá kò wúlò fún ẹni tí kò mọ ilé ẹni tó lè sọ ọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ rí. Ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan wà ní ìpamọ́, ọ̀tọ̀ sì ni kí ẹni tó nílò rẹ̀ lè rí i.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Google ti ilẹ̀kùn kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa kò mọ̀ pé ó wà ní ṣíṣí. Láti ọjọ́ náà, Google Groups kò gba ọ̀rọ̀ tuntun kankan mọ́ láti inú Usenet, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ibẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀ mọ́. Èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wá a. Ẹni tó ń ṣòwò ní Ìkẹ́rẹ́, tàbí tó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Emùré, lè béèrè pé kí ló kan òun nínú èyí. Ó kàn án, nítorí pé nínú àpò ńlá yẹn ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà sọ nípa ilé wà, ní àkókò tí sísọ ọ̀rọ̀ ní ilé fúnra rẹ̀ léwu. Bí a kò bá mọ bí a ṣe ń wá a, kò yàtọ̀ sí èyí tó ti jóná.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí Usenet jẹ́. Ní ọdún 1979, Tom Truscott àti Jim Ellis, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Duke ní North Carolina ní Amẹ́ríkà, ń wá ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wọn yóò fi máa bá ti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ṣe pàṣípààrọ̀ ọ̀rọ̀. Steve Bellovin, tó wà ní Yunifásítì North Carolina nítòsí wọn, kọ ètò àkọ́kọ́ tí wọ́n lò. Kọ̀ǹpútà kan yóò pe èkejì lórí wáyà tẹlifóònù, ọ̀pọ̀ ìgbà ní òru nígbà tí owó ìpè kò wọ́n, yóò sì kó ọ̀rọ̀ tó ní fún un. Èyí tó gbà á náà yóò kó o fún ẹlòmíràn. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ń rìn láti ẹnu dé ẹnu bí ìròyìn ọjà, láìsí olú ilé iṣẹ́ kan tó ni ín.

Wọ́n pín àwọn ọ̀rọ̀ náà sí ohun tí wọ́n ń pè ní newsgroup, èyí tí a ó máa pè ní agbo ìròyìn níhìn-ín. Ní 1987, wọ́n tún orúkọ àwọn agbo náà ṣe. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú comp jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, sci jẹ́ ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, rec jẹ́ ti eré àti ìgbafẹ́, soc sì jẹ́ ti ọ̀rọ̀ àwùjọ. Lábẹ́ soc ni àwọn agbo àṣà àti orílẹ̀-èdè wà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti pàdé, ní soc.culture.african àti ní soc.culture.nigeria.

Ìṣòro kan wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àyè ìpamọ́ nínú kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà wọ́n bí ojú. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú ọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà yóò pa á rẹ́ kí àyè lè wà fún tuntun. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé níbẹ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ wọn yóò kú láàárín oṣù kan, bí ọ̀rọ̀ tí a sọ lábẹ́ igi ìta ọba tí afẹ́fẹ́ sì gbé lọ.

Fáìlì tún le ju ọ̀rọ̀ lásán lọ. Ọ̀nà náà kò lè gbé ju lẹ́tà àti nọ́ńbà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi àwòrán, orin tàbí ètò kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ di lẹ́tà wúruwùru pẹ̀lú ètò kan tí wọ́n ń pè ní uuencode. Ní 2001, ọ̀nà mìíràn tó ń jẹ́ yEnc dé, èyí tí kì í mú kí fáìlì wú tó bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ gùn jù, wọ́n ń gé fáìlì ńlá sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí ni ìkẹta nínú 20, èyí ni ìkẹrin nínú 20. Ní àwọn ìgbà àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, ẹni tó bá rí 19 nínú 20 kò tíì rí nǹkan kan. Ó ní láti tún máa wá ẹyọ kan tó kù káàkiri, bóyá ó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, bóyá wọ́n sì ti pa á rẹ́.

Nítorí ìdí èyí ni atọ́ka fi di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá. Atọ́ka kì í ṣe ibi ìpamọ́. Ìwé orúkọ ni, tó ń sọ pé ohun báyìí wà níbi báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é fún fáìlì orí ayélujára ni Alan Emtage, ọmọ erékùṣù Barbados, tó wà ní Yunifásítì McGill ní Kánádà. Ní 1990, ó ṣe Archie, tó ń ka orúkọ àwọn fáìlì tó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé lè wọ̀, tó sì ń to orúkọ wọn jọ sójú kan. Ti agbo ìròyìn ní tirẹ̀ dúró di 1995, nígbà tí Deja News bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Austin ní Texas. Ìgbà náà ni ènìyàn lè jókòó síwájú ìtàkùn àgbáyé, kí ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, kí ó sì rí ohun tí àwọn ènìyàn ti sọ nípa rẹ̀ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún agbo. AltaVista, tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún náà, ń wá inú agbo ìròyìn pẹ̀lú.

Àǹfààní yìí ní ẹ̀gún tirẹ̀. Ẹni tó ti rò pé ọ̀rọ̀ òun ti kú ní 1995 bẹ̀rẹ̀ sí í bá a pàdé, pẹ̀lú orúkọ àti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀: tó bá kọ X-No-Archive sí orí ọ̀rọ̀ rẹ̀, Deja News kò ní tọ́jú rẹ̀. Nǹkan kékeré kọ́ ni èyí jẹ́ fún ọmọ Nàìjíríà tí àwọn òbí rẹ̀ ṣì wà nílé lábẹ́ ìjọba ológun.

Ẹ rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé nígbà náà. Wọ́n fagi lé ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba. Ní 1994, ìjọba ti ilé ìwé ìròyìn Concord, Punch àti Guardian pa. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn ọmọ Ogoni mẹ́jọ. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní yunifásítì Amẹ́ríkà, Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wọn láti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ilé, láti tún ìròyìn pín, láti bá ara wọn jà, kí wọ́n sì tún bá ara wọn kẹ́dùn. Àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa wọn kò sí níbẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni tẹlifóònù alágbèéká GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìyá tó wà ní Ìsẹ̀ kò lè ka ohun tí ọmọ rẹ̀ kọ ní òkèèrè nípa ìlú rẹ̀. Lónìí, ọmọ ọmọ rẹ̀ lè kà á lórí fóònù, bí ó bá mọ bí yóò ṣe wá a.

Díẹ̀ ló kù kí gbogbo rẹ̀ sọnù. Deja News yí orúkọ padà sí Deja.com, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lépa owó nínú ọ̀rọ̀ ọjà títà. Nígbà tó di ọdún 2000, wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ kúrò níbi tí ènìyàn ti lè wá wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2001, Google ra àkójọ náà, ọ̀rọ̀ tó ju 500 mílíọ̀nù lọ. Ṣùgbọ́n 1995 ni àkójọ ti Deja ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ wá láti ọwọ́ àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n ti ń pa nǹkan mọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Olórí wọn ni Henry Spencer, tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko ní Yunifásítì Toronto. Láti 1981 títí di 1991 ló ń da ọ̀rọ̀ agbo ìròyìn sórí téèpù. Téèpù 141 ló kó jọ, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ọ̀rọ̀ ló sì wà nínú wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2001, Google fi gbogbo rẹ̀ síta, ó sì di 700 mílíọ̀nù ọ̀rọ̀ láàárín 20 ọdún. Ibẹ̀ ni a ti lè ka ìkéde tí Tim Berners-Lee ṣe nípa ìtàkùn àgbáyé ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, àti èyí tí Linus Torvalds ṣe nípa Linux ní oṣù kan náà. Ènìyàn kan tí kò ju téèpù nù ló jẹ́ kí ayé ní ìtàn yìí.

Kí a má sì rò pé atọ́ka jẹ́ nǹkan lásán nítorí pé kò ní fáìlì nínú. Ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù ti dá ẹjọ́ lórí rẹ̀. Newzbin ni atọ́ka kan tó ń kó gbogbo wẹ́wẹ́ fáìlì inú agbo ìròyìn jọ sínú ìwé kékeré kan tó ń jẹ́ NZB, kí ẹni tó bá fẹ́ fíìmù má baà máa wá wẹ́wẹ́ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Fíìmù kankan kò sí lórí kọ̀ǹpútà Newzbin fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà pè é lẹ́jọ́, adájọ́ sọ ní 2010 pé ó jẹ̀bi títẹ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lójú. Ní 2011, ilé ẹjọ́ pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ BT láti dí ọ̀nà àwọn oníbàárà rẹ̀ sí èyí tó rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ìdájọ́ náà kọ́ wa ni pé ẹni tó di ìwé orúkọ mú, agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀bi pẹ̀lú sì lè wà lọ́rùn rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí gúúsù Èkìtì. Bí ènìyàn bá jókòó láti wá ohun tí wọ́n sọ nípa Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Emùré nínú àkójọ yìí, ìṣòro mẹ́ta ni yóò bá pàdé, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀.

Ti Ìkẹ́rẹ́ ni ọ̀nà ìkọ̀wé. Nínú ìwé àwọn òyìnbó ayé ìṣèjọba, Ikerre ni wọ́n sábà máa ń kọ, pẹ̀lú lẹ́tà r méjì. Ẹni tó bá tẹ Ikere nìkan kò ní rí ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ Ikerre. Yóò sì rí ìdídò omi Ikere Gorge, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní agbègbè Ìsẹ́yìn, tí kò bá Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì tan rárá.

Ti Ìsẹ̀ ló le jù. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán ni Usenet ìgbà àkọ́kọ́ lè gbé, kò sí àmì ohùn, kò sì sí àmì abẹ́ lẹ́tà. Nítorí náà, Ìsẹ̀ di Ise. Iṣẹ́ tí a ń ṣe jẹun di ise. Ìṣẹ́ tó ń bá tálákà jà di ise. Ìṣe tí a ń hù ní ìwà di ise. Ní ilẹ̀ Japan sì rèé, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ise, ojúbọ rẹ̀ sì lókìkí káàkiri ayé. Atọ́ka kò mọ̀ èwo ni èwo. Ìlú odindi kan, pẹ̀lú Arínjálẹ̀ rẹ̀ àti gbogbo ìtàn rẹ̀, rì sínú lẹ́tà mẹ́ta.

Ti Emùré ni ìjọra orúkọ. Emùré Èkìtì wà, Emùré-Ilé náà sì wà ní agbègbè Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tí kò bá ka ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ lè fi ìtàn ìlú kan fún èkejì.

Lórí gbogbo wọn ni ìṣòro kẹrin tún wà, èyí ni ti ìpínlẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Láti 1976 títí di ọjọ́ náà, abẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó ni gbogbo agbègbè yìí wà. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ ọdún 1994 ní abẹ́ Ekiti State ń wá ọmọ ní ilé tí wọn kò tíì kọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa rọrùn. Má ṣe fi orúkọ kan ṣoṣo wá ìlú rẹ. Fi Ise pẹ̀lú Ekiti, fi Ikerre pẹ̀lú Ogoga, fi Emure pẹ̀lú Elemure. Mú agbo kan, bí soc.culture.nigeria, kí o sì wá inú rẹ̀ nìkan. Fi ọdún sí i. Fún èyí tó ṣáájú 1996, wá a lábẹ́ Ondo State. Bí o bá sì rí ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó, kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Message-ID. Kò sí ọ̀rọ̀ méjì tó yẹ kí ó ní irú rẹ̀ kan náà, ẹlòmíràn sì lè fi í wá ọ̀rọ̀ náà rí lọ́jọ́ iwájú, kódà bí àkójọ bá kúrò lọ́wọ́ Google. Internet Archive ní San Francisco náà ní àkójọ Usenet tirẹ̀, tí ènìyàn lè gbé sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan ni èyí, kí ó wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní agbègbè kan náà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Olówè, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó sì ń ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀ ní Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan nínú wọn lọ sí ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Olówè sì gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òpó ààfin náà ti wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Art Institute ní Chicago lónìí.

Ilẹ̀kùn náà kò sọnù rí láti 1924. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyìn tó gbà ní Wembley jẹ́ ti igi, kì í ṣe ti ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí orúkọ Olówè tó lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ níwájú ayé. Ní ilé, wọn kò gbàgbé. Ní 1988, 50 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ki oríkì rẹ̀ fún olùwádìí John Pemberton, oríkì náà sì ń dárúkọ àwọn ibi tó ti ṣiṣẹ́. Ní 1998, Roslyn Adele Walker ṣe ìpàtẹ kan ní Washington tó jẹ́ ti Olówè nìkan. Lónìí, ẹni tó bá tẹ Olowe sínú atọ́ka British Museum lórí ìtàkùn àgbáyé yóò rí ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́. Ẹ wo bó ṣe rí: atọ́ka tí wọ́n fi rí iṣẹ́ Olówè wà lẹ́nu obìnrin kan ní Ìsẹ̀ kí ó tó wà lórí kọ̀ǹpútà kankan.

Oríkì ni atọ́ka tiwa. Ó ń sọ ta ni, ọmọ ta ni, láti ibo, kí ló ṣe. Ohun mẹ́rin wọ̀nyí náà ni atọ́ka orí ayélujára ń béèrè. Ibi tí a ti kùnà ni pé a ń fi àwòrán, ohùn àti fídíò sórí ayélujára lójoojúmọ́ láìkọ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i. A ya àwòrán ọdún Ọlọ́sùnta ní Ìkẹ́rẹ́, a fi nọ́ńbà tí fóònù fún un ṣe orúkọ rẹ̀. A gba ohùn bàbá àgbà sílẹ̀ ní Emùré, a kò kọ orúkọ bàbá náà síbẹ̀. Ní 30 ọdún sí i, yóò wà ní ìpamọ́ níbì kan, kò sì ní sí ẹni tí yóò rí i.

Kí ẹni tó bá ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ṣí i lónìí, kí ó kọ orúkọ ènìyàn, orúkọ ìlú pẹ̀lú Èkìtì lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kí ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan pẹ̀lú àmì Yorùbá tó péye, èkejì láìsí àmì, nítorí pé a kò mọ èyí tí ẹni ọ̀la yóò tẹ̀. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní agbègbè náà, bí Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà ní Ìkẹ́rẹ́, fi í ṣe iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti wá ọ̀rọ̀ nípa ìlú wọn nínú àkójọ Usenet, kí wọ́n sì to ohun tí wọ́n bá rí lẹ́sẹẹsẹ, kí ilé iṣẹ́ tó ní ín tó tún yí ọkàn padà. Henry Spencer kò dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni kí ó tó pa téèpù 141 mọ́. Ìyàwó Olówè náà kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó há oríkì ọkọ rẹ̀ sórí.